Bon Odori: ijó tí wọ́n ń fi gba òkú lálejò

Bon Odori kì í ṣe orúkọ ijó kan ṣoṣo. Gbogbo ijó tí àwọn ará Japan ń jó lásìkò Obon ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Obon sì ni ìgbà tí wọ́n gbà pé àwọn òkú ilé ń padà wá wo ọmọ. Àárín oṣù kẹjọ ló máa ń bọ́ sí lọ́pọ̀ ìlú. Wọ́n á tún ojú oórì ṣe, wọ́n á dáná sẹ́nu ọ̀nà kí àlejò lè mọ ilé, nígbà tó bá yá wọ́n á sìn wọ́n padà. Ijó náà wà lára àlejò ṣíṣe yìí. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀.

Èyí tó wù mí jù ni ti Nishimonai, ní ìlú kékeré Ugo, ní Akita, lápá àríwá Japan. Láti ọjọ́ 16 sí 18 oṣù kẹjọ, wọ́n á dáná igi sójú títì, àwọn oníjó á sì máa yí iná náà po lálẹ́. O ò ní rí ojú ẹnì kankan. Aṣọ dúdú tó bo orí wálẹ̀ dé àyà ni àwọn kan fi bojú, ihò méjì péré ló wà níbẹ̀ fún ojú. Hikosa zukin ni wọ́n ń pè é. Fìlà koríko ni ti àwọn yòókù, iwájú rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ débi pé bóyá lo fi máa rí àgbọ̀n. Àwọn onífìlà yìí ló ń wọ hanui, aṣọ tí wọ́n fi àjákù ṣẹ́dà oríṣiríṣi rán pọ̀, tí apá ọ̀tún àti tòsì rẹ̀ bára mu rẹ́gí. Ìyá ń fi í sílẹ̀ fún ọmọ.

Ẹni tó mọ egúngún á ti máa mi orí. Àmọ́ ijó Nishimonai kì í ṣe egúngún. Ohun tí àwọn kan ń sọ ni pé bí ojú bá ti bò, kò sẹ́ni tó máa mọ alààyè yàtọ̀ sí òkú nínú agbo. Ìtàn ìlú tún so ijó náà mọ́ ọdún 1601, nígbà tí olóyè ìdílé Onodera ṣubú, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń dárò rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ló kún inú orin ijó àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní Ondo, òmíràn kò ṣeé kọ níwájú àna! Ganke, ijó kejì, ló ń dun èèyàn lọ́kàn.

UNESCO, ẹ̀ka àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kọ ijó Nishimonai mọ́ àjogúnbá aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn ní 2022, pẹ̀lú 40 ijó mìíràn.

Ọwọ́ jíjù Nishimonai gba kíkọ́ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ jó lọ́jọ́ tó dé, Gujo Hachiman ní Gifu ni kó gbà lọ. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè bọ́ sínú agbo, kó máa wo ọwọ́ ẹni iwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ 13 sí 16 oṣù kẹjọ, bàtà onígi ni wọ́n ń fi jó di ìdájí.