Ẹni tó gba lífù tó sùn gbalaja, ṣé ó sinmi ni?

Ìmọ̀ràn tí gbogbo ayé máa ń fún ẹni tí iṣẹ́ ti tán lókun ò ju ẹyọ kan lọ: lọ sùn. Gba lífù, tilẹ̀kùn mọ́rí, sùn dáadáa, tó o bá máa fi jí ara á ti yá gágá. Ìyá ẹni á sọ ọ́, ọ̀gá ẹni náà á sọ ọ́ (ọ̀gá tó jẹ́ pé òun gan-an ló kó wàhálà ọ̀hún báni), ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì á tún fi ti ẹ̀ kún un. Mi ò ní kẹ́ ẹ má sùn o. Ṣùgbọ́n pé kéèyàn dá nìkan dùbúlẹ̀ sínú yàrá fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kó wá máa pè é ní ìtọ́jú másùnmáwo, ìgbàgbọ́ òdì gbáà ni, òun ló sì ń ba lífù ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ l'Ékòó níbí, pàápàá àwọn tó ń dá gbé.

Àárẹ̀ ò rí bákan náà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ru búlọ́ọ̀kù látàárọ̀, iṣan ara ẹ̀ ló rẹ̀, tó bá jẹ ẹ̀bà tó sì sùn, tílẹ̀ bá fi mọ́ ara ti fúyẹ́. Ti ẹni tó ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́ tó tún ń fi ẹ̀rù ṣe é ò rí bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀gá bá pè yín laago mẹ́sàn-án alẹ́, tàbí tí tágẹ́ẹ̀tì oṣù yìí ò tíì pé tóṣù sì ti ń parí lọ, ojú kan náà tí ara fi ń wo ejò tó yọ síni lójú ọ̀nà oko ló fi ń wo ìyẹn, á tú adrenaline àti cortisol, èròjà tí ara máa ń tú jáde tí ẹ̀rù bá bà á, sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkìkì, ìfúnpá á gòkè, oúnjẹ ò ní dà bó ṣe yẹ, oorun á dá lójú. Tí ejò bá lọ, ara á rọ̀. Ọ̀gá kì í lọ. Kódà tẹ́ ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tọ́kàn bá ṣì wà lọ́fíìsì, ẹ dà bí ẹni tó pa gílóòbù inú ilé tó wá gbàgbé jẹnẹrétọ̀ síta, epo ń jó lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ kan nínú irú lífù bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ, ẹ sọ tí mo bá ń parọ́. Aago mẹ́wàá ẹ jí, ẹ ò tíì fọ ẹnu tẹ́ ẹ ti mú fóònù, gúrúùpù ọ́fíìsì lórí WhatsApp ti kún, ẹnì kan ń béèrè pé ta ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ sì mọ̀ ọ́n, ẹ dáhùn, wọ́n tún béèrè òmíràn. Láti ibẹ̀ ẹ bọ́ sórí TikTok, ìgbà tẹ́ ẹ máa fi gbójú sókè oòrùn ti kan àtàrí, ẹ se Indomie, ẹ tún sùn di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Lálẹ́ wàyí, oorun kọ̀ kò wá. Aago mẹ́ta òru ẹ ń yí síbí yí sọ́hùn-ún, ẹ ń ro ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ sí yín ní mítìn oṣù kẹta, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń rí èsì tó yẹ kẹ́ ẹ fọ̀ nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó máa já lu ìrònú ọ̀hún torí ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé, àròkàn ti gba yàrá.

Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje ó kéré tán lálẹ́, ẹ má fi dun ara yín. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ló ń bá ọpọlọ tún aago ara tò, tẹ́ ẹ bá ti ń jí lọ́sàn-án lójoojúmọ́ aago yẹn á yẹ̀, tó bá wá di Mọ́ńdè tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ jí laago mẹ́rin ààbọ̀ kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland tó bẹ̀rẹ̀, ara ò ní gbà, ẹ sì máa ní lífù yẹn ò ṣiṣẹ́.

Lọ́dún 2007, Sabine Sonnentag àti Charlotte Fritz tí wọ́n ń ṣèwádìí nípa ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ka nǹkan mẹ́rin tó ń mú kára padà bọ̀ sípò lẹ́yìn iṣẹ́: kọ́kàn kúrò níbi iṣẹ́, kára rọ̀, kéèyàn máa kọ́ nǹkan tó le díẹ̀ kó sì máa mókè nínú ẹ̀, àti kó jẹ́ òun fúnra ẹ̀ ló ń pinnu bóun ṣe máa lo àkókò òun. Ìdùbúlẹ̀, ẹyọ kan ló bọ́ sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò tiẹ̀ kún un tán.

Kọ́kàn tó lè kúrò níbi iṣẹ́, kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ kọ ibi tí nǹkan wà sílẹ̀ fún ẹni tó máa dúró fún yín, kẹ́ ẹ wá pa ariwo gúrúùpù yẹn títí lífù á fi parí. Tílé iṣẹ́ bá máa wó torí ẹ ò dáhùn ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́, a jẹ́ pé ó ti wó tipẹ́. Ti nǹkan kíkọ́, ohunkóhun tó bá ti gba ọwọ́ àti ojú ló dáa, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń din àkàrà tí kì í mu epo, ẹ kọ́ aṣọ rírán, ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Èèyàn ò lè máa ro ọ̀gá nígbà tó ń gbìyànjú kómi má wọ̀ ọ́ nímú.

Èyí tó le jù fún àwa Yorùbá ni ìkẹrin, kéèyàn fúnra ẹ̀ máa pinnu bó ṣe máa lo àkókò ẹ̀. Tí ẹbí bá ti gbọ́ pé ẹ wà nílé pẹ́nrẹ́n, ẹ ti di dírẹ́bà nìyẹn: bá wa ra aṣọ ẹbí wá ní Balógun, gbé Màmá lọ ọsibítù, "o ṣáà jókòó lásán nílé". Ẹ ran ẹbí lọ́wọ́ o, àmọ́ kò pọn dandan kí gbogbo ẹbí mọ déètì tí lífù bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dídá wà wá ńkọ́? Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá dá jókòó nǹkan ti ṣe é, wọn ò ní jẹ́ kó gbádùn. Ìyẹn náà ò rí bẹ́ẹ̀, dídá wà dáa fún ẹni tí èèyàn ti yọ lẹ́nu látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tilẹ̀kùn mọ́rí ni mo ń bá jà. Èèyàn lè dá wà láàárín èrò: ẹ wọ rélùwéè láti Ẹ̀bùté Mẹ́ta lọ Mọ́níyà, láti 2021 ló ti ń gbé èrò, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, kò sẹ́ni tó mọ̀ yín, ẹ dé Ìbàdàn ẹ jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ẹ wọ máíkírà lọ Agodi Gardens lọ jókòó sábẹ́ igi. Tẹ́ ẹ bá wà lápá Lẹ́kí, afárá orí igi tó wà ní Conservation Centre gùn tó mítà 401, ó sì ń mì, ẹ ò ní rántí ríkọ́ọ̀dù ọ́fíìsì kankan lórí ẹ̀. Ẹni tí ò lówó ọkọ̀, kó máa fẹsẹ̀ rìn ládùúgbò láàárọ̀ kóòrùn tó mú, kó sì bá ẹni kan ó kéré tán sọ̀rọ̀ lóòjọ́. Ìyá ẹlẹ́kọ wà lára ẹni kan.

Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò, oníṣègùn àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Àrò l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1954, kò ti àwọn aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, àárín àwọn ará abúlé ló fi wọ́n sí, mọ̀lẹ́bí kan á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á máa wá gbàtọ́jú ní ọsibítù kí wọ́n tó padà sílé tí wọ́n wọ̀ sí. Àìsàn tó le ju sìtírẹ́ẹ̀sì yín lọ fíìfíì nìyẹn o.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní lífù ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, ni kí wọ́n fún ẹni tó ti lo oṣù méjìlá lẹ́nu iṣẹ́, pẹ̀lú owó oṣù ẹ̀. Ó kéré lóòótọ́. Àwọn olùṣèwádìí kan, Jessica de Bloom àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Netherlands, tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ tó lọ hólídè tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ lára wọn tó wá balẹ̀ jù, tí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́, kò tó ọ̀sẹ̀ kan tó fi pòórá. Ẹ wá rò ó, tẹ́ ẹ bá fi ìdajì lífù kékeré yẹn sùn, kí ló kù?

Tó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀hún gan-an ló bàjẹ́, kò sí lífù tó máa tún un ṣe. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ ọ́ lọ́dún 2019 pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni burnout, ìyẹn kí iṣẹ́ tán èèyàn lókun, wọn ò kà á sí àìsàn. Àmọ́ tí ìbànújẹ́ bá dúró tini ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí oúnjẹ ò lọ, tàbí tí èrò ikú ń wá, ẹ má dúró de lífù kankan, ẹ lọ rí dókítà, ọsibítù ọpọlọ Yábàá àti Àrò kì í ṣe ti ẹni tó ń fa aṣọ ya nìkan.

Nǹkan kan ló kù, déètì ìpadà. Tí wọ́n bá jẹ́ kẹ́ ẹ yàn án fúnra yín, ẹ má yan Mọ́ńdè, ẹ yan Ọjọ́rú, ẹ ṣe Ọjọ́rú, ẹ ṣe Tọ́sìdeè, ẹ ṣe Fúráìdeè, wíkẹ́ẹ̀ńdì ti dé.