Àárẹ̀ bíréèkì, kì í ṣe ìṣá bíréèkì

Aṣọ ló ń ṣá. Àdìrẹ tí aláró ò rẹ dáadáa, tí wọ́n ń sá sóòrùn lójoojúmọ́, á ṣá. Fọ́tò ìgbéyàwó tí ẹ gbé kọ́ síbi tí oòrùn ti ń wọlé, á ṣá. Bíréèkì kì í ṣá. Ọdún kejì rèé tí èmi àti Tíṣà tó ń gbé òdìkejì ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mi ní Mushin ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí, pé kí ló yẹ ká máa pe brake fade, ìgbà tí ooru mú kí bíréèkì má mú mọ́, ní Yorùbá, wọn ò sì tíì gbà. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ní ìwé atúmọ̀ èdè kan tó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Wọ́n á ṣí i síbi tí òyìnbó kọ "fade" sí, wọ́n á fi ìka tọ́ ọ: "Ṣé ìwọ náà rí i? Ṣíṣá ni. Ìṣá bíréèkì." Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ìwé yẹn ò wa ọkọ̀ rí."

Ohun tí òyìnbó ń pè ní brake fade ò le láti mọ̀. Awakọ̀ sáré, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó tún sáré, ó tún tẹ̀ ẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò fún un láyè kó tutù. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ ẹ́, kò mú. Ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dà, pẹ́dà le dáadáa, páàdì, ohun tó ń ha ara mọ́ irin, wà lára dísìkì, irin róbótó tó ń bá táyà yí, nǹkan kan ò já, nǹkan kan ò jò, síbẹ̀ ọkọ̀ ń lọ. Tó bá wá rọra wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, bíréèkì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Ẹ bá mi di gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn mú o, torí òun ni mo fi ń bá gbogbo wọn jà. Aṣọ tó ti ṣá, ṣé ẹ ti rí i kó sinmi díẹ̀ kí aró rẹ̀ padà?

Àwọn kan ní "ìkùnà bíréèkì" ni. Ìyẹn tilẹ̀ burú ju ti Tíṣà lọ. Ìkùnà ni kí họ́ọ̀sì bẹ́ lójú títì, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ dà nù tán. Òun ni àwọn onídáńfó ń pè ní "bíréèkì já", wọ́n sì gbà á dáadáa, torí ohun tó bá já, ẹ ní láti pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Èyí tí mò ń sọ yìí ò já. Ẹlòmíràn tún kọ ọ́ ní "ìparẹ́ bíréèkì", àfi bíi pé àwọn olè tú u lọ lóru.

Èmi pè é ní àárẹ̀ bíréèkì. Bíréèkì náà ti rẹ̀ ni. Wọ́n ní àìsàn ni àárẹ̀. Òótọ́ ni pé tí a bá fẹ́ fi ọ̀wọ̀ bo àìsàn àgbàlagbà, a máa ń ní àárẹ̀ ń ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni ò tíì wọ dáńfó láti Ọ̀ṣòdì dé CMS nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó wọlé tán kó ní "àárẹ̀ ti mú mi"? Ṣé wọ́n gbé e lọ ilé ìwòsàn? Oúnjẹ àti oorun ni wọ́n fún un.

Àwọn tó fẹ́ràn èdè ju àwọn tó ń sọ ọ́ lọ tún wà, tí wọ́n á ní kí n má pè é ní bíréèkì rárá, pé ìjánu ni. Ẹnu ẹṣin ni ìjánu wà. Ẹ bá fà á, ẹnu á dun ẹṣin, ẹṣin á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró. Ọkọ̀ wo ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró? Bíréèkì kì í bẹ ọkọ̀. Ó ń ha ara mọ́ irin tó ń yí, ó ń sọ eré di ooru, ooru náà ló sì ń bá a jà. Ẹni tó bá ń rò nípa ìjánu ò ní ronú kan ooru láéláé, bẹ́ẹ̀ ooru ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó wa bọ̀lẹ̀kájà ti ń pè é ní bíréèkì kí wọ́n tó bí mi. Ó ti di ọmọ ilé, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pílásà kan ní Ìdúmọ̀tà láàárọ̀ Sátidé, kí ẹ wo aláàárù. Ní àkọ́kọ́, ó gbé béélì àǹkárá karí, ó gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹta bí ẹni ń lọ òde àríyá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, òógùn ti bò ó. Ní ẹ̀ẹ̀keje, orúnkún ń gbọ̀n, ó di ẹrù mú ṣùgbọ́n ẹrù ń fà á sẹ́yìn. Eegun rẹ̀ ò ṣẹ́, kò sá lọ, kò sì ṣá. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó fẹ̀yìn ti ògiri, kó mu píọ́ wọ́tà méjì, á tún dìde. Ẹrù yẹn ni eré ọkọ̀ yín, òógùn yẹn ni ooru. Tí ẹ bá wá lọ gba aláàárù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìrìn àkọ́kọ́ rẹ̀ ò ní yá ju ti èkíní lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá lẹ ó tó rí owó yín. Àtẹ̀gùn ló ni ti àkọ́kọ́: tó bá ń yọ̀, àti alágbára àti ọ̀lẹ ló máa ṣubú níbẹ̀. Táyà ni àtẹ̀gùn.

Ohun tí àwọn ọmọ olówó wa ò fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Wọ́n gbà pé tí kálípà, ohun tó ń tẹ páàdì mọ́ dísìkì, bá ti tóbi, ọkọ̀ á dúró lójú ẹsẹ̀. Táyà tó ti dán ò ní dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ báà fi kálípà ọkọ̀ òfuurufú sí i. Bíréèkì ńlá wà fún ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ léraléra látorí eré ńlá. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Ọkọ̀ tó wúwo tó kílò 1,500, tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, tó wá dúró pátápátá: ooru tó bá a jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti fi se omi ẹ̀rọ lítà 2 kó hó. Ẹ wá gbé eré náà dé 200. Ẹni tó bá kánjú á ní lítà 4. Rárá o, ó lé ní 7. Eré di ìlọ́po méjì, ooru di ìlọ́po mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ sì gba ara dísìkì mẹ́rin kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àárẹ̀ yìí kan náà ló lé dúróòmù, bíréèkì tó rí bí ìkòkò tí ohun tó ń ha ara wà nínú rẹ̀, kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn ọkọ̀ ìdíje, torí inú ni dúróòmù ń di ooru tirẹ̀ sí. Lọ́dún 1953 ní ìdíje Le Mans, ilẹ̀ Faransé, Jaguar C-Type tó lo dísìkì ló gba ipò kìíní.

Ọmọkùnrin kan gbé Porsche 911 wá bá mi láti Ìkòyí lọ́jọ́ Túsìdeè kan. Kálípà iwájú pupa bí ètè ìyàwó ọ̀ṣìngín, písítìnnì mẹ́fà mẹ́fà, dísìkì gbòòrò bí atẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó tí mo ná sórí bíréèkì yìí á ra Corolla. Mo ní kí wọ́n bá mi fi èyí tó tóbi jù sí i. Síbẹ̀ tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lẹ́ẹ̀meje, kò tún dáhùn mọ́."

Mo ní, "Ọ̀gá mi, ṣé pẹ́dà le tí kò mú, àbí ó wọlẹ̀?"

"Ó wọlẹ̀ ni. Ó rọ̀ bíi tìmùtìmù."

Mi ò wo kálípà náà lẹ́ẹ̀kejì. Mo ṣí ìdérí ìkòkò fúlúùdì, ohun olómi tó ń gbé agbára ẹsẹ̀ láti pẹ́dà lọ bá páàdì. Ohun tó wà níbẹ̀ dúdú bí àgbo jẹ̀dí. Wọ́n ti pààrọ̀ gbogbo ohun tí ojú lè rí, wọ́n wá fi èyí tí ojú ò rí sílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi jókòó sínú ọkọ̀, ó ń pọ́m̀pù, ó ń dì í mú, èmi ń tú níbùlù, ẹnu tí fúlúùdì ń gbà jáde, sílẹ̀ lábẹ́, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń gbé e lọ sínú ìgò. Èyí tó kọ́kọ́ jáde dúdú kirikiri. A ṣe é títí tí tuntun fi dé, tó mọ́ bí oyin tí wọ́n bu omi là.

Fúlúùdì máa ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Ó wà nínú ẹ̀dá rẹ̀, bí iyọ̀ tí ẹ ṣí sílẹ̀ lásìkò òjò. Ìlú tí ọ̀sà yí ká bí Èkó yìí, ẹ fojú inú wò ó. DOT 4, ìyẹn irú fúlúùdì kan, tó bá jẹ́ tuntun, ò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Tí omi bá ti wọ inú rẹ̀ dé ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 155°C ni òfin ní kó lè fara dà mọ́. Tó bá ti hó, ó di gáàsì nínú páìpù, gáàsì sì ń fún pọ̀ bí kànrìnkàn. Ẹsẹ̀ yín ń tẹ gáàsì, kò tẹ páàdì. Òyìnbó kó èyí náà mọ́ ti àkọ́kọ́ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Tíṣà sì ní ẹ̀rí nìyẹn pé ìṣá kárí méjèèjì. Èmi ò kó wọn pọ̀. Páàdì ló ń rẹ̀. Fúlúùdì kì í rẹ̀, ó ń hó. Pẹ́dà tó le tí kò mú, àárẹ̀ páàdì. Pẹ́dà tó wọlẹ̀, híhó fúlúùdì. Àwọn kan á tún ya ti páàdì tuntun sọ́tọ̀, wọ́n á ya ti dúróòmù sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn yẹn máa yà á.

Ẹ ó rí i pé mo ń pè é ní fúlúùdì. Kì í ṣe pé mi ò wá orúkọ fún un. Ní ọjà Ládípọ̀, "ọ́ìlì bíréèkì" ló wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn, orúkọ yẹn sì ti ba ọkọ̀ jẹ́ lójú mi. Ọmọ iṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbọ́ "ọ́ìlì", ó bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Kí ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo rọ́bà inú máàsítà sílíńdà, ibi tí pẹ́dà ti ń tẹ fúlúùdì, ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Tíṣà wá ní kí n pè é ní "omi bíréèkì". Mo ní Bàbá, ẹ gbà mí! Ẹni tó gbọ́ ọ́ìlì bu ọ́ìlì, kí ni ẹni tó gbọ́ omi máa bù? Fúlúùdì ò ní ìtumọ̀ kankan létí ọmọ Mushin, kò sì lè tàn án jẹ. Á ní láti bi mí pé, "Ọ̀gá, èwo ni fúlúùdì?" Èmi á wá fi ìgò rẹ̀ hàn án. Ọ̀rọ̀ tí inú rẹ̀ ṣófo sàn fún mi ju èyí tí irọ́ kún inú rẹ̀ lọ. Àárẹ̀ ní tirẹ̀ ní nǹkan nínú, ohun tó ní nínú sì bá ọkọ̀ mu.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ Ìkòyí náà ni pé kó bẹ̀rẹ̀ látibi tí kò wọ́n. Fúlúùdì tuntun, kó máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, kó má sì da DOT 5 tí wọ́n fi sílíkónì ṣe mọ́ DOT 4, 5.1 ló lè bá a lọ. Lẹ́yìn náà, páàdì. Níbẹ̀ ni mo ti bá a jà díẹ̀, torí ó ti gbọ́ nípa páàdì ìdíje. Páàdì ìdíje tó bá tutù kì í mú dáadáa, ó ń fẹ́ ooru kó tó jí. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè ní ìsọ̀kalẹ̀ Adéníji lórí Third Mainland, ta ni yóò yá iná fún un? Á máa han bí ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ dú, á tún jẹ dísìkì. Kó ra páàdì tó wà láàárín. Họ́ọ̀sì tí wọ́n fi wáyà irin hun, ó dára, kì í wú bíi ti rọ́bà. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ara dísìkì, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ó béèrè dísìkì sẹ̀rámíìkì, irú tí Porsche kọ́kọ́ fi sí 911 GT2 lọ́dún 2001. Ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti irin, kì í sì í tètè rẹ̀. Mo ní tí òkúta ojú títì wa bá kán an létí lọ́jọ́ kan, kó má pè mí. Ti iwájú ńlá tó ti rà ńkọ́? Ó ti ṣe é tán. Mo kàn ní ká wo ti ẹ̀yìn, torí tí iwájú bá lágbára jù, ẹ̀yìn á kàn máa bá ọkọ̀ ṣeré lásán.

Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ rìsíìtì fún un. Lálẹ́, ọmọ Ìkòyí náà pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, Dádì mi rí rìsíìtì yìí, wọ́n ní ta ni Ààrẹ Bíréèkì, ìlú wo ló ń jọba lé lórí." Mo gba ìwé náà lọ́jọ́ kejì. Ọmọ iṣẹ́ mi ti kọ "aare bireeki" láìsí àmì ohùn kankan. Tíṣà gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó, wọ́n ní ìṣá kì í ṣe báyẹn. Ti àmì ohùn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń kọ́ ọmọ yẹn, ó wo pẹ́dà tó wọlẹ̀, ó wo fúlúùdì dúdú nínú ìgò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó wá jókòó, ó kọ àárẹ̀. Híhó ni!