Ọjọ́ Wo Ni Wọ́n Kọ Ọ́?

Bí ìlú bá ti gbóná díẹ̀ báyìí, fọ́nrán orin á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ orí fóònù mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ohun tí Fẹlá ti sọ tẹ́lẹ̀ nípa àwọn èèyàn yìí o!” “Bàbá, ọ̀rọ̀ ìbò tó kọjá ni olórin yìí ń wí, kò kàn dárúkọ ni.” Iṣẹ́ tèmi lórí rédíò ni kí n máa sọ ìtàn ìdí orin, inú mi sì ń dùn pé ẹ ń tẹ́tí. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa da ìbéèrè kan náà padà sí gbogbo yín lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Nígbà ìwọ́de EndSARS, orin Davido tó ń jẹ́ FEM gba ojú títì kan. Lónìí, àwọn èèyàn ń búra fún mi pé nítorí SARS ni Davido ṣe kọ ọ́. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ni orin náà jáde, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbé páálí ìwọ́de oṣù Kẹwàá yẹn sókè. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ òun láìdáa ni Davido ń bá wí. Àwọn ọ̀dọ́ ló gba orin mọ́ ọn lọ́wọ́, tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ìjọba. Ẹ wá fi wé 20 10 20 ti Burna Boy. Déètì ni orúkọ orin náà gan-an: ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn sí àwọn olùwọ́de ní Lẹkkí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù náà, orin ti wà níta. Ìṣẹ̀lẹ̀ ló bí èyí. FEM ní tirẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ kàn gbà á tọ́ ni. Ẹni tí kò bá mọ ọmọ bíbí yàtọ̀ sí ọmọ àgbàtọ́, kó má ṣàlàyé ìdílé fún mi.

Èyí tí ìṣẹ̀lẹ̀ bí kì í fa àríyànjiyàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1970, àwọn sójà yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní Yunifásítì Kent State ní Amẹ́ríkà. Neil Young rí fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó kọ Ohio, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ sítúdíò ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn kan náà, orin sì dé orí rédíò ní oṣù Kẹfà. Ó parí. A ò nílò wòlíì níbẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa nìyí, torí ibẹ̀ làwọn tó ń pe ara wọn ní onímọ̀ orin pàápàá ti ń ṣubú. Orin kì í ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà, ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílẹ̀ wà, ọjọ́ tó bọ́ sọ́jà wà, ọjọ́ tó gbajúmọ̀ náà sì tún wà lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ olórin Scorpions ti Jámánì lọ ṣeré ní Moscow ní oṣù Kẹjọ ọdún 1989. Ohun tí Klaus Meine, akọrin wọn, rí níbẹ̀ ló mú un kọ Wind of Change. Ògiri Berlin tó pín ìlú yẹn sí méjì ní Jámánì ṣì wà nídùúró. Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ni wọ́n tó ṣí i. Àwo tí orin náà wà nínú rẹ̀ jáde ní 1990, wọ́n tún yọ ọ́ jáde lóun nìkan ní 1991, ọdún tí Soviet Union tú ká. Ẹ wá bi àwọn èèyàn lónìí, wọ́n á ní orin Ògiri Berlin ni. Àwọn kan tiẹ̀ gbé e débi pé CIA, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́. Meine ti ní òun lòun kọ orin òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń fi ti CIA yẹn ránṣẹ́ sí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sinmi.

Ẹ má sì gbára lé ọdún tẹ́ ẹ bá rí lórí YouTube tàbí Spotify. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọdún tí wọ́n tún orin náà tẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bí rẹ́kọ́ọ̀dù bá wà nílé, ẹ wo bébà róbótó tó wà láàárín rẹ̀. Ẹ wá lẹ́tà P tí wọ́n fi òbíríkítí yí ká: ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ohùn yẹn jáde. Ẹ má fi lẹ́tà C pè é o. C inú òbíríkítí, ti àwòrán àti ọ̀rọ̀ ara páálí ni. Wọ́n lè yí páálí padà nígbà mẹ́wàá kí ohùn má yí. Mo ti fi P kékeré yìí pa ẹnu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́.

Ti Zombie, orin tí Fẹlá fi bú àwọn sójà, ló ń dùn mí jù. Ìtàn tí ẹ máa ń sọ ni pé Fẹlá kọrin, sójà dé, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ìyá sì kú lọ́jọ́ náà. Orin jáde ní 1976. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977 ni àwọn sójà ya wọ Kàlákútà, ilé Fẹlá, tí wọ́n sun ún, tí wọ́n sì ju Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti láti òkè. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978 ni màmá dágbére fáyé. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi jẹ̀rora. Ẹni tó bá gé ọdún yẹn kúrò nínú ìtàn, ìyà ló gé kúrò. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ wá sọ pé sójà tí a kò mọ̀ ló ṣe é, Fẹlá sì mú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yẹn gan-an ṣe orúkọ orin mìíràn, Unknown Soldier. Bí ẹ kò bá mọ ìgbìmọ̀, ẹ kò lè gbọ́ ẹ̀fẹ̀ tó wà nínú orúkọ yẹn.

Yorùbá Ronú náà ńkọ́? Gbogbo ìgbà ìbò ni wọ́n ń yọ ọ́ síta bí ẹni pé àná ni Hubert Ògúndé kọ ọ́. Ìjà Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ló fà á, ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ títí Fájuyì, gómìnà ológun, fi dé ní 1966. Ẹ lè lò ó fún ìbò tòní, kò burú. Kẹ́ ẹ má kàn sọ pé ẹni tẹ́ ẹ dìbò fún lánàá ni Ògúndé ń bú.

Àwọn tó ń ta àsọtẹ́lẹ̀ yìí ti wá rí irinṣẹ́ tuntun. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń ṣe ètò àárọ̀ ní ilé-iṣẹ́ rédíò kan pè mí tayọ̀tayọ̀: òun rí orin Fẹlá tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ó ti gbé e sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè mí o! Mo ní kó tan án. Ohùn jọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlù kò tíì jókòó tó ti ń kọrin, kò sí fèrè kankan tó ṣáájú, ìṣẹ́jú mẹ́ta sì ni gbogbo rẹ̀. Fẹlá tó máa ń jẹ́ kí fèrè sọ tirẹ̀ tán kó tó lanu! Nígbà tó di ẹsẹ̀ kejì, “Fẹlá” ń ṣàròyé owó tí àwọn oní-POS ń gbà. Mo ní, “Àbúrò, ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá kú. POS wo ló rí?”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní bóyá ẹ̀mí ló fi hàn án.

Ẹ̀rọ ló ṣe orin yẹn. Ẹnìkan jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi ohùn òkú kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Títí di bá a ṣe ń wí yìí, wọ́n ṣì ń fi í ránṣẹ́ sí mi, wọ́n sì ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé rédíò lo orin náà, nítorí náà òótọ́ ni. Mo sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé kó padà sórí afẹ́fẹ́, kó tọrọ àforíjì, kó sì fi Zombie gidi dípò rẹ̀. Ó bi mí bó ṣe gùn tó. Mo ní ó lé ní ìṣẹ́jú méjìlá. Ó ní ètò òun kò lè gbà á.