Bọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà Kì í Ṣe Bọ́ọ̀dù Àbújá

Ibi ìsọmọlórúkọ kan ní Maryland lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àǹtí tó jókòó tì mí gbé báàgì rẹ̀ lé itan, kò sọ ọ́ kalẹ̀ títí wọ́n fi pín jọ̀lọ́ọ̀fù kárí. Ìwé ló wà nínú ẹ̀: rìsíìtì owó fọ́ọ̀mù ilé, lẹ́tà ibi iṣẹ́ rẹ̀, àti fọ́tò pátákó "ilé wà fún rẹ́ǹtì" tó yà láti inú mọ́tò. Wọ́n ti sọ fún un lórí fóònù pé ilé wà. Nígbà tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání lọ wò ó, wọ́n ní ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á tán ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, pátákó ṣì wà níbẹ̀ gbọin.

Bàbá kan ló ń dúró dè. Akáǹtáǹtì tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, ó sì wà lórí bọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ fair housing kan, ìyẹn irú ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti onílé, ajẹ́ǹtì àti báǹkì tó bá ń ṣe ẹ̀tanú. "Àwọn ló ni ibẹ̀," ni àǹtí wí fún mi. Bí bàbá ṣe ń wọlé báyìí, ó ti kúnlẹ̀, ó na ìwé sí wọn. Bàbá ò gbà á.

"Ọmọ mi, mi ò gbọdọ̀ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ ẹ. Pe ọ́fíìsì lọ́la, jẹ́ kí n kọ nọ́ńbà wọn fún ẹ." Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì lọ jókòó.

Ojú àǹtí ti korò. "Wọ́n ti jẹun yó," ó ń sọ ọ́ sí mi létí. "Ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ la ti ń jẹ. Àwa tí a ò lẹ́nìkan ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà fún."

Mi ò dá a lẹ́bi. Nílé, tí wọ́n bá ní ìjọba ti fi lágbájá sí bọ́ọ̀dù, gbogbo àdúgbò ló mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ìbò ti parí, ó sáré fún ẹgbẹ́ òṣèlú, wọn ò rí ipò mínísítà fún un, wọ́n wá fi bọ́ọ̀dù pa á lẹ́kún. Owó ìjókòó ń bẹ níbẹ̀, mọ́tò ń bẹ níbẹ̀, kọ́ńtíráàtì náà ò sì jìnnà. Ká má tiẹ̀ wá sọ ti NGO tí ọkọ ń ṣe alága, tí ìyàwó ń ṣe akápò, tí àbúrò ìyàwó sì ń ṣe akọ̀wé. Ẹni tó gbé ojú yẹn wọ bàálù wá síbí, ojú yẹn náà ni yóò fi wo bàbá.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí bàbá wà yẹn, kò sẹ́ni tó ni ín. Abẹ́ òfin owó orí tí wọ́n ń pè ní 501(c)(3) ló wà, ẹgbẹ́ tó bá sì wà lábẹ́ ẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ẹni tí yóò máa pín èrè. Owó tó bá ṣẹ́kù lópin ọdún, inú àpò ẹgbẹ́ ló ń gbé. Bí ẹgbẹ́ bá tú ká pàápàá, wọn ò lè pín àga àti kọ̀ǹpútà láàrin ara wọn. Ẹgbẹ́ àánú mìíràn tàbí ìjọba ló ń kó o. Bí ọmọ bọ́ọ̀dù kan bá dọ́gbọ́n jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò dá a padà, yóò sì san owó orí ìdá 25 nínú 100 lórí ẹ̀. Tí kò bá dá a padà lásìkò, owó orí yẹn á tún fi ìdá 200 lé e. Ìlọ́po méjì ohun tó jẹ nìyẹn o.

Àwọn tó ń gbowó oṣù wà, mi ò ní wọn ò sí. Ọ̀gá àgbà ọ́fíìsì ń gbà á, lọ́yà ń gbà á, àwọn tó ń gbé fóònù tí wọ́n sì ń tọpa ẹjọ́ ń gbà á. Bọ́ọ̀dù ló ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, tó ń yẹ ìwé owó rẹ̀ wò, tó sì lè lé e. Òfin ò sọ ọ́ di èèwọ̀ pé kí wọ́n fún ọmọ bọ́ọ̀dù ní nǹkan díẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹgbẹ́ àánú kì í fún wọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan ti ọdún 1997 ń dáàbò bo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n má baà pè é lẹ́jọ́ nítorí àṣìṣe tó ṣe láìmọ̀. Ẹni tó bá ti ń gbà ju dọ́là 500 lọ lọ́dún, yàtọ̀ sí owó ara rẹ̀ tó ná tí wọ́n dá padà fún un, ti kúrò lábẹ́ agboorùn yẹn.

Ẹ má tiẹ̀ gba tèmi gbọ́. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń kọ Fọ́ọ̀mù 990 ránṣẹ́ sí àwọn agbowó orí, gbogbo ayé ló sì lè kà á. ProPublica, ilé-iṣẹ́ ìròyìn kan, kó wọn jọ síbi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ tààrà sí apá keje, níbi tí wọ́n ń kọ wákàtí àti owó ọmọ bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sí. Lálẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn ni mo wá orúkọ bàbá lórí fóònù mi. Mo rí i: wákàtí kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn náà òdo, òdo, òdo. Àwọn tó wà lókè wọn àti nísàlẹ̀ wọn, òdo náà ni, àfi ọ̀gá àgbà nìkan. (Wákàtí kan yẹn gan-an, irọ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Ìwé tí wọ́n ń kà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.)

Ibi tí ìfura ti ń le jù ni owó gbà-má-bínú tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ onílé tó ṣe ẹ̀tanú. Ẹjọ́ kan ló la ọ̀nà ẹ̀. Ní 1978, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ HOME ní Richmond, ìpínlẹ̀ Virginia, rán àwọn adánniwò lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Havens Realty. Obìnrin adúláwọ̀ bèèrè ilé, wọ́n ní kò sí. Ọkùnrin òyìnbó bèèrè, wọ́n ní ó wà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé ibẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ ni wọ́n rán wọn. Ní 1982, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní obìnrin yẹn lè pẹjọ́, torí òfin fair housing, tí wọ́n buwọ́ lù ní April 11, 1968, ọ̀sẹ̀ kan géérégé lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, kò fàyè gba kí wọ́n parọ́ ilé fún ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà lè pẹjọ́ fúnra rẹ̀, bí ìwà onílé bá ń jẹ owó àti àkókò rẹ̀. Nítorí náà, owó gbà-má-bínú lè bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ lóòótọ́. Àpò ẹgbẹ́ ló ń bọ́ sí, a sì ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá tọwọ́ bọ àpò yẹn.

Kí ló wá dé tí bàbá ò gba ìwé? Bọ́ọ̀dù irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ẹni tó ń ta ilé, òṣìṣẹ́ báǹkì àti lọ́yà nínú, torí àwọn ló mọ inú iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí ẹjọ́ bá kan ẹni tí ọ̀kan nínú wọn mọ̀, ó gbọ́dọ̀ jáde kúrò nínú yàrá. Tí ìwé bá ti kọ́kọ́ gba ọwọ́ bàbá kọjá níbi àríyá, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà onílé máa bi wọ́n nìyẹn. Ọ́fíìsì sì lè fẹ́ rán adánniwò lọ sí ilé yẹn gan-an. Ta ló mọ̀ bóyá ajẹ́ǹtì ilé náà lẹ́bí níbi tí a ti ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù?

Àkókò ló tún wá burú jù. Ọdún kan péré lèèyàn ní láti fi ẹjọ́ sun HUD, ìyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ọdún méjì láti lọ sílé ẹjọ́. Ìwé tó wà nínú bùútù mọ́tò bàbá kì í ṣe ẹjọ́, kò dá ọjọ́ dúró.

Àǹtí fúnra ẹ̀ ti pinnu pé ohùn Ìjẹ̀ṣà òun ló kó bá òun. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ohùn yẹn lórí fóònù, wọ́n sì ní ilé wà. Ìgbà tí wọ́n rí i pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó lè jẹ́ àwọ̀, ó lè jẹ́ àwọn ọmọ; láti 1988 ni òfin ti kà á sí ẹ̀tanú pé kí wọ́n kọ ẹni tó lọ́mọ tí kò tíì pé ọdún 18, yàtọ̀ sí àwọn ilé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àgbàlagbà. Òṣìṣẹ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí nìkan ló lè yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì. Àti pé, ká sọ ọ́ kó tó bọ́ lọ: ẹgbẹ́ yìí kì í pín ilé o.

Mi ò sọ pé mímọ́ ni gbogbo wọn. Ọmọ bọ́ọ̀dù tó ń sùn ní ìpàdé ń bẹ. Ẹni tó wá torí kí orúkọ ẹ̀ lè dún ń bẹ, àti ẹni tó ń wá oníbàárà fún ọ́fíìsì lọ́yà tirẹ̀. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tí ọ̀gá àgbà ti sọ di oní-"bẹ́ẹ̀ ni, sà", tí wọ́n ń na ọwọ́ sókè sí gbogbo ohun tó bá gbé wá. Àmọ́ ẹ̀sùn tó yẹ irú wọn ni ọ̀lẹ. Àwọn tó ń jẹ owó ẹgbẹ́ kọ́ ni wọ́n: nínú ẹgbẹ́ púpọ̀, àwọn gan-an ni wọ́n ń retí pé kí wọ́n mú owó wá lọ́dọọdún, láti àpò ara wọn tàbí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́.

Àǹtí padà pe nọ́ńbà yẹn, lẹ́yìn tí ìbínú ti rọlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni ọjọ́ tó lọ wo ilé.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo pàdé bàbá, mo bi wọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Iye nìkan ni wọ́n ń kó wá síwájú wa. Iye tó wọlé, iye tó jẹ́ torí àwọ̀, iye tó jẹ́ torí ọmọ, iye tí lọ́yà ti ná. Tiẹ̀ lè wà níbẹ̀. Mi ò bèèrè."