Ákájà ní Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ákájà ni ọgbà ẹja tí àwọn apẹja ń fi ẹ̀ka igi ṣe sínú omi ọ̀sà tí kò jìn. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Ègùn ni, ní agbègbè Àgbádárìgì àti ní Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ti Ganvié, ìlú orí omi lórí adágún Nokoué, ti lókìkí jù. Ọ̀sà Àgbádárìgì, tí odò Yewa ń ṣàn sí, ló so ìhà Èkó pọ̀ mọ́ Àjàṣẹ́ Ilé (Porto-Novo).

Iyanrìn ni etí òkun Àgbádárìgì, kì í ṣe àpáta. Kelp, ewéko òkun gàgàrà tó ń di igbó tí ẹja ń sá sí lábẹ́ omi ní Gúúsù Áfíríkà àti California, kò lè hù níbẹ̀: omi tútù ló ń fẹ́, àti òkúta tí yóò dì mú. Nínú ọ̀sà, gbòǹgbò igi ẹ̀gbà (mangrove) ni ẹja ń sá sí, àti igi tí ènìyàn bá rì mọ́lẹ̀ fún un.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ibi tí omi ti mu ni dé ìbàdí tàbí àyà ni wọ́n ń ri ẹ̀ka mọ́ inú ẹrẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ á ti bo èèpo igi. Bí a bá fa ẹ̀ka kan yọ, tí a fi àtàǹpàkò họ ọ́, á ṣí bí awọ ojú ògì tó ti tutù. Ìgbín omi wẹ́wẹ́ á wà nínú rẹ̀, edé kéékèèké á sì máa ta. Oúnjẹ ẹja nìyẹn.

Epìyà alágbọ̀n dúdú (Sarotherodon melanotheron) ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Akọ rẹ̀ ló ń tọ́mọ: bí abo bá ti yé ẹyin, akọ á kó o sẹ́nu fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Bàbá tí ẹnu rẹ̀ kún fún ọmọ kò lè bá ẹja apẹran jà. Àárín igi ló yẹ ẹ́. Ọ̀bọ̀kún náà máa ń wọbẹ̀.

Ìkórè àti àríyànjiyàn

Wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa igi kúrò, wọ́n á máa sún àwọ̀n náà pọ̀ títí ẹja yóò fi kó sójú kan. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, oṣù mélòó kan lè kọjá tí ẹnikẹ́ni kò ju àwọ̀n síbẹ̀. A lè fi ìyẹn wé àgbègbè tí òfin dáàbò bò, àmọ́ ìkórè ni ìparí tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ò tíì fohùn ṣọ̀kan bóyá ákájà ń mú ẹja pọ̀ sí i ni tàbí ó kàn ń kó èyí tó wà jọ. Igi rẹ̀ ń jẹrà, a sì ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti gé ẹ̀gbà fún un, ibùsùn ẹja mìíràn ni wọ́n gé.

Ní 1984 ni koríko orí omi olódòdó àlùkò (water hyacinth) gba ìhà Àjàṣẹ́ wọ ọ̀sà yìí. Ó máa ń há sára àwọn igi náà.