Ẹ́ńjìnnì Kọ́ Ló Gbé Bàálù Dúró Lójú Òfurufú

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èrò ní Èpè ní kí n sin òun lọ gbé ẹja wá lódìkejì ọ̀sà. A ò tíì jìnnà sí èbúté tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó fa àjẹ̀ yọ lábẹ́ ìjókòó, ó fi tọ́ orí ọkọ̀ sójú ìgbì kí omi má baà lù wá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá bojú wò mí.

"Ṣé o rí i? Tèmi kú, omi ló gbé mi dúró. Tìrẹ tí ò ń wà lókè yẹn ńkọ́? Bó bá kú, kí ló kù? Gbì, bí òkúta!"

Mi ò bá a jà. Gbogbo ilé wa ló gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gba ìwé àṣẹ láti máa wa bàálù kékeré fúnra mi ní Florida, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìyá mi gbààwẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ pé mo tún padà lọ sanwó kí wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń ta òkìtì nínú bàálù, bí a ṣe ń jẹ́ kó pòyì, bí a ṣe ń dorí rẹ̀ kodò tí a sì ń yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, wọ́n ní ikú ni mò ń fi ṣeré. Ìgbàgbọ́ kan náà ló bí gbogbo ẹ̀: pé ẹ́ńjìnnì ló so bàálù rọ̀ sókè bí okùn ṣe so korobá rọ̀ nínú kànga. Okùn já, korobá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára, nítorí àwọn tó ń wa bàálù gan-an, irú ìgbàgbọ́ yìí máa ń pa wọ́n.

Mo nawọ́ sókè. Àwòdì kan ń rà bàbà lápá ibi tí ọjà ẹja Olúwo wà, ó na ìyẹ́ méjèèjì gbalaja. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yín ti kú, kò tíì ju apá lẹ́ẹ̀kan. Kí ló gbé òun dúró?"

Ó wò ó títí. Ó ní, "Atẹ́gùn ni."

Atẹ́gùn ni lóòótọ́. Ẹni tó bá ti jókòó létí fèrèsé dáńfó rí lọ́nà Èpè sí Ìkòròdú, tó ti na ọwọ́ síta rí nígbà ọmọdé kí ìyá rẹ̀ tó gbá a lọ́wọ́, ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí. Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ á kọjá lọ. Gbé etí iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, ọwọ́ á máa gòkè fúnra rẹ̀, wàá sì mọ̀ pé nǹkan ń gbé e. Wá gbé e dúró ṣánṣán bí ẹni ń dá mọ́tò dúró: kò ní gòkè mọ́, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ á máa tì í sí. Ìyẹ́ bàálù ò ju báyìí lọ. Nǹkan méjì ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí afẹ́fẹ́ máa ṣàn kọjá lára rẹ̀, kí ó má sì gbójú sókè jù sí afẹ́fẹ́ náà. Bó bá ti gbójú kọjá nǹkan bíi dígírì 15 sí 16, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyẹ́ á já kúrò níbẹ̀, á di rúdurùdu, ìyẹ́ ò sì ní lè gbé ẹrù rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ni kó máa sáré kí afẹ́fẹ́ lè máa ṣàn. Bó bá kú, ẹni tó ń wà á á tẹ imú bàálù sílẹ̀ díẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ á máa fún un ní eré tó ń wá, bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń sáré lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láìsí ẹni tó ń tẹ pẹ́dà. Cessna 172, tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ṣẹ́, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú ní ẹsẹ̀ bàtà 5,000, tí atẹ́gùn ò dojú kọ ọ́, á ṣì rà bàbà lọ tó kìlómítà 14 kó tó kanlẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, èèyàn á wá pápá, á gbìyànjú láti tún ẹ́ńjìnnì dá, á sì sọ ibi tó wà lórí rédíò.

Àwọn ńlá náà ń ṣe é. Ní August 24, 2001, Airbus A330 kan ń ti Toronto lọ sí Lisbon, epo rẹ̀ sì jò tán lójú agbami Àtìláńtíìkì. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú. Èèyàn 306 ló wà nínú rẹ̀. Robert Piché tó ń wà á rà bàbà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 19, nǹkan bíi kìlómítà 120, kó tó balẹ̀ ní erékùṣù Azores. Bí ẹyẹ bá gbéra ní Èpè, kó tó bà ní Àgbádárìgì nìyẹn. Gbogbo wọn ló yè. Ṣáájú rẹ̀, ní July 23, 1983, Boeing 767 kan ní Kánádà ti gbẹ epo tán ní ẹsẹ̀ bàtà 41,000. Ọ̀gá tó wà á, Robert Pearson, máa ń fi bàálù tí kò lẹ́ńjìnnì rárá gbafẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tó dé òkè pápá Gimli, ó ti ga jù fún ibi tó fẹ́ bà sí, ló bá da ọkọ̀ ńlá yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ ìtọ́kọ̀ sí òdìkejì, ó jẹ́ kó máa fẹ̀gbẹ́ rìn wálẹ̀ bí alákàn. Bàálù kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ irú ìyẹn. Èèyàn 69 ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ bàálù láti Àbújá wá sí Ìkẹjà pàápàá ti rà bàbà rí. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí ariwo ẹ́ńjìnnì máa ń rọlẹ̀ lójijì, tí etí á dí, tí bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀? Láti ìgbà yẹn lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ́ńjìnnì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan ju kó máa mí lọ.

Èèyàn á ní, ti bàálù Dana Air tó já ní Ìjù-Ìṣàgà, l'Ékòó ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fò ó. Ní June 3, 2012, agbára ẹ́ńjìnnì méjèèjì bàálù yẹn lọ. Èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, ó tún pa àwọn tó wà nílẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ gbogbo wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Òun náà kò já bí òkúta. Ó rà bàbà, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́lẹ̀ jù, pápákọ̀ ṣì kù níwájú, ilé àwọn èèyàn ló sì kún gbogbo ibi tó lè dé. Gíga ni owó tí bàálù fi ń ra ọ̀nà. Ní òkè Àtìláńtíìkì, Piché ní owó lọ́wọ́. Ní Ìjù-Ìṣàgà, owó ti tán.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tún wà tó ń da orí àwọn èèyàn rú: stall. Ẹni tó ní mọ́tò mọ̀ ọ́n sí kí ẹ́ńjìnnì kú sójú pópó. Bó bá wá kà á nínú ìwé ìròyìn pé bàálù kan stall kó tó já, ó ti parí lójú rẹ̀ nìyẹn, ẹ́ńjìnnì ló kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyẹ́ ni, kò kan ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ tí ẹ gbé ṣánṣán létí fèrèsé dáńfó yẹn ni. Ní June 1, 2009, bàálù Air France kan ń ti Rio de Janeiro lọ sí Paris lóru. Yìnyín dí ihò tí ẹ̀rọ fi ń mọ iye eré tó ń sá, fún ìgbà díẹ̀ péré. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wà á fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn, imú gbéra, ìyẹ́ gbójú jù, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wálẹ̀. Bó ṣe ń rọ́ wálẹ̀ ni ọwọ́ ṣì ń fà. Láti bí ẹsẹ̀ bàtà 38,000, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ ló gbà á dé òkun. Èèyàn 228 ló bá a lọ. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ń ṣiṣẹ́ títí tí ó fi kan omi.

Ìdí tí mo fi lọ sanwó nìyẹn. Ìwé tí mo kà kí n tó gbàwé àṣẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi, mo sì yege. Ṣùgbọ́n orí ló kàwé, ọwọ́ ò kà á.

Decathlon ni wọ́n gbé mi wọ̀, bàálù oníjòkòó méjì. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi jókòó lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. A di páráṣúùtì mẹ́yìn. Ní ẹsẹ̀ bàtà 5,500, ó ní kí n dín agbára ẹ́ńjìnnì kù pátápátá, kí n máa gbé imú sókè díẹ̀díẹ̀. Ariwo afẹ́fẹ́ ń lọọlẹ̀. Ọ̀pá ìdarí rọ̀ lọ́wọ́ mi bí okùn tó tú. Ìjókòó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nídìí mi. Ó ní kí n tẹ ẹsẹ̀ òsì dé ìsàlẹ̀. Ìyẹ́ òsì kàn yẹ̀ lábẹ́ mi ni, ojú ọ̀run lọ, ilẹ̀ dé iwájú gíláàsì, ó ń yí. Adágún omi kan, oko ọsàn, títì. Adágún yẹn náà, oko ọsàn yẹn náà, títì. Ọwọ́ mi ti fa ọ̀pá mọ́ àyà, mi ò sì rán an níṣẹ́. Bó ṣe ń fà á mọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ni adágún náà ń yára padà wá.

Ohùn ẹ̀yìn mi kò yí padà. Pa agbára. Ọ̀pá sí àárín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, tẹ̀ ẹ́ tán. Ó yá, tì í síwájú.

Ilẹ̀ ló wà níwájú mi, ilẹ̀ náà ló ní kí n tì í sí. Mo tì í. Gbogbo yíyí náà dúró gbọin, bí ẹni di ìlẹ̀kùn. Bàálù ti ń sáré, ìyẹ́ ti padà mú afẹ́fẹ́, mo sì rọra gbé imú rẹ̀ sókè, ara mi wúwo débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń wálẹ̀. A tún gòkè lọ. A tún ṣe é. Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, ọwọ́ mi ti ń lọ síwájú kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa bàálù ara wọn máa ń sọ pé àwọn kì í ṣe eléré, kí ni àwọn fẹ́ fi òkìtì ṣe. Mo gbọ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà, láti 1949 ni kò ti pọn dandan kí ẹni tó ń gba ìwé àṣẹ aládàáni ti inú ìpòyì bọ́ rí. Àwọn olùkọ́ ni wọ́n sọ ọ́ di dandan fún. Nítorí náà, èèyàn lè fi ogún ọdún wa bàálù láì tíì rí i kí ọ̀run wà lábẹ́ kí ilẹ̀ wà lókè, àfi lọ́jọ́ tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí i ní tòótọ́. Òkìtì ni ilé ẹ̀kọ́ ibi tí èèyàn ti ń pàdé ẹ̀rù yẹn lókè réré, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé àṣẹ láti máa dárà. Cessna lásán, ìlọ́po 3.8 ìwúwo rẹ̀ ni wọ́n kàn án fún. Ti òkìtì, ìlọ́po 6. Ẹni tó bá fi ti àkọ́kọ́ ṣe ti èkejì ń wá wàhálà. Nítòsí ilẹ̀, ìpòyì kò sì ní oògùn. Ibẹ̀ ló pa ọ̀pọ̀ ẹni: ẹ́ńjìnnì kú lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, wọ́n fẹ́ yí padà sí pápá tó wà lẹ́yìn, wọ́n sì yí i jù. Bí bàálù bá dà dé dígírì 60 láìsọ̀ kalẹ̀, ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀ ni ìyẹ́ ń gbé, eré tó kéré jù tó lè sá kí ìyẹ́ tó jọ̀wọ́ á sì fi nǹkan bí ìdá 41 nínú 100 lé. Ẹni tí wọ́n kọ́ á tẹ imú sílẹ̀, á bà sí iwájú, ì báà jẹ́ inú oko ẹ̀gẹ́. Ohun tí mo jèrè jù ni pé mo ti mọ ìgbọ̀nrìrì ìjókòó yẹn, mo sì ń gbọ́ ọ kó tó di ìpòyì.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo èyí pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ tó ń fa nǹkan yẹn mọ́ àyà," ló wí, "mo mọ̀ ọ́n. Bí ìgbì bá gbé ọkọ̀ yìí dà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣe ni èrò máa ń fò dìde. Ọkọ̀ ò bá padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀. Dídìde yẹn ló ń dà á dé."

"Òun gan-an ni, ẹ̀gbọ́n."

Ó fi àjẹ̀ lu etí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní bí òun ṣe máa ń ṣe é fún wọn nìyẹn, òun á lù ú, òun á ní "Ẹ jókòó!", àwọn tó ti ń bá òun wọkọ̀ tipẹ́ á sì ti jókòó kí òun tó la ẹnu. Ó ti àjẹ̀ padà sábẹ́ ìjókòó, ó fa okùn ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ìkẹrin, ó dáhùn.