Mẹ́dọ̀wú B onígbà pípẹ́: ìmọ̀ tó yẹ aláìsàn

Mẹ́dọ̀wú B onígbà pípẹ́ ni àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì HBV ń fà, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì náà bá ti lò ju oṣù mẹ́fà lọ nínú ara tí kò lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé mílíọ̀nù 254 ènìyàn ló ní in lára ní ọdún 2022, àti pé mílíọ̀nù 1.1 ló kú nítorí rẹ̀ lọ́dún náà. Nínú àwọn tó ní in, 13% péré ni àyẹ̀wò ti fi hàn fún. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba tí wọ́n ń pè ní NAIIS, tó wáyé ní 2018, rí i lára 8.1% àwọn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64.

Ọ̀pọ̀ wọn ti kó o láti kékeré. Bí ìkókó bá kó o lára ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé yóò di onígbà pípẹ́, ṣùgbọ́n ó lé ní 95% àwọn àgbàlagbà tó kó o tí ara wọn ń lé e lọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìjà "ta ló kó o wálé?" tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín tọkọtaya kì í sábà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti wà lára ẹni náà kí àwọn méjèèjì tó mọra.

Ohun tí pépà àyẹ̀wò ń sọ

Ibi tí ènìyàn ò rò ni ìròyìn náà sábà máa ń bá a: níbi tó ti fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹbí tó wà ní ọsibítù, ní kíníìkì aboyún, tàbí níbi àyẹ̀wò ara kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Pépà kékeré kan ni wọ́n máa fún un, tí wọ́n kọ "HBsAg: Reactive" sí. HBsAg jẹ́ èròjà kan lára èèpo fáírọ́ọ̀sì náà. Baruch Blumberg, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà, ló rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ onílẹ̀ Australia kan, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ 28 oṣù Keje, ni wọ́n fi ń ṣe Ọjọ́ Mẹ́dọ̀wú Àgbáyé.

Pépà yẹn ò sọ ju pé fáírọ́ọ̀sì wà lára lọ. Kò sọ bó ṣe pọ̀ tó, kò sọ ohun tó ti fi ẹ̀dọ̀ ṣe, kò sì sọ bóyá oògùn ti yá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ní láti béèrè àyẹ̀wò mìíràn: HBV DNA, tó ń ka iye fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀jẹ̀, HBeAg, tó máa ń wà níbi tí fáírọ́ọ̀sì bá ti ń bí sí i gidi, ALT, èròjà inú ẹ̀dọ̀ tó ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń gbọgbẹ́, àti òdiwọ̀n àpá tó ti wà nínú ẹ̀dọ̀. FibroScan, ẹ̀rọ tí kò dunni rárá, ni wọ́n fi ń wo àpá náà. Níbi tí kò bá sí, dókítà lè fi àyẹ̀wò méjì tí kò wọ́n, AST (èròjà bíi ALT) àti platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì), ṣírò iye kan tó ń jẹ́ APRI.

Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó. ALT lè wálẹ̀ lónìí kó sì gòkè lẹ́yìn oṣù mélòó kan, fáírọ́ọ̀sì tó sùn lọ́dún márùn-ún sì lè jí. Ó dára kí gbogbo pépà wà nínú fáìlì kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kí a sì máa wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn nọ́ńbà. Láàbù kan lè kọ HBV DNA ní IU/mL, kí òmíràn kọ ọ́ ní copies/mL, IU kan sì tó nǹkan bíi copies 5. Ẹni tí láàbù àkọ́kọ́ kọ 2,000 fún, tí ìkejì wá kọ 10,000, lè máà sùn lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí ohunkóhun ò yí padà.

Oògùn àti àgbo

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló nílò oògùn lójú ẹsẹ̀. Ìlànà WHO ti 2024 ní kí àgbàlagbà bẹ̀rẹ̀ bí APRI rẹ̀ bá ju 0.5 lọ, tàbí bí HBV DNA bá ju 2,000 IU/mL lọ tí ALT sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tún ka àwọn tó ní HIV, mẹ́dọ̀wú C tàbí D pẹ̀lú rẹ̀ mọ́ ọn, àti àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wà nínú ìdílé wọn. Ìbéèrè tó wúlò jù, nígbà náà, ni: "Dókítà, kí lẹ rí tí ẹ fi ní kí n má tíì lo oògùn, kí ló sì máa jẹ́ kí ẹ ní kí n bẹ̀rẹ̀?"

Tenofovir àti entecavir ni wọ́n sábà ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Wọ́n ń tẹ fáírọ́ọ̀sì rì ni, wọn kì í pa á tán, torí ó ń fi DNA rẹ̀, ohun tó fi ń bí sí i, pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Ẹni tó dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ara ti yá lè rí i kí fáírọ́ọ̀sì jí pẹ̀lú agbára, kí ojú pọ́n bíi ti ibà apọ́njú, kí ẹ̀dọ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Tenofovir wà nínú oògùn HIV pẹ̀lú, èyí tó ń mú kí àwọn kan fi í pamọ́ fún ará ilé. Àyẹ̀wò HIV gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀, torí òun nìkan kò tó fún HIV, ó sì lè jẹ́ kí HIV kọ oògùn. Wọ́n tún ń yẹ kíndìnrín wò lóòrèkóòrè.

Àwọn alágbo kan máa ń ní àwọn lè fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á sì mú pépà àyẹ̀wò jáde bí ẹ̀rí. ALT máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gòkè, HBsAg sì máa ń pòórá lára nǹkan bí 1% àwọn tó ní in lọ́dọọdún láìlo nǹkan kan. Ẹni tó ń mu àgbo lásìkò náà á gbóríyìn fún àgbo. Àwọn àgbo kan wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fúnra wọn. Ẹni tó bá ti mu ún, kó sọ fún dókítà. Ọtí náà ń mú àpá ẹ̀dọ̀ yára, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀pà àti àgbàdo tó bu: májèlé aflatoxin inú wọn àti HBV jọ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Ará ilé àti àwọn oníṣègùn mìíràn

Jíjẹun nínú àwo kan náà, dídìmọ́ni àti bíbọwọ́ kì í ràn án. Ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ ni. Fáírọ́ọ̀sì náà lè wà láàyè lórí nǹkan fún ó kéré tán ọjọ́ méje, nítorí náà bíléèdì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti abẹ tí wọ́n fi ń sín gbẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun àjọlò. Ọkọ tàbí aya, àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ ìyá gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta ni fún ẹni tí kò ní in. Ọdún 2004 ni Nàìjíríà fi í kún àjẹsára ọmọdé, èyí tó túmọ̀ sí pé púpọ̀ àwọn tó ti dàgbà kí ó tó dé kò gbà á rí.

Aboyún tó ní in lè fún ọmọ lọ́mú. Ohun tó ń dáàbò bo ọmọ ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i, kó sì gba ìyókù lásìkò. Bí HBV DNA ìyá bá tó 200,000 IU/mL, tenofovir nínú oyún máa ń kún un.

Dókítà eyín, oníṣẹ́ abẹ àti ẹni tó fẹ́ fúnni ní oògùn jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, torí oògùn tó ń rẹ agbára ìdáàbòbò ara sílẹ̀, rituximab ní pàtàkì, lè jí fáírọ́ọ̀sì tó ti sùn. Skáànì ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà sì wà fún ẹni tí ewu jẹjẹrẹ rẹ̀ bá ga. Nínú mẹ́dọ̀wú B, jẹjẹrẹ lè bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ tí àpá kò tíì bò, kó má sì fa ìrora kankan nígbà tó ṣì kéré tó láti gé kúrò.